Ọjọ́ tí Wọ́n Yọ Eyín Jákì

Èmi ni mo ba eyín Jákì jẹ́. N ó sọ ìyẹn ná kí n tó sọ nípa ọjọ́ tí kò kúrò lọ́kàn mi. Jákì ni ajá Màmá Fẹ́mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo ń bá ṣọ́ géètì ilé rẹ̀ ní ẹ́sítéètì Ire-Akari. Àwa tí a ń ṣọ́ géètì gbà pé egungun màlúù ló ń mú kí ajá rorò, òun ni mo fi ń bọ́ ọ. Nígbà tí ọ̀kan nínú eyín ńlá rẹ̀ kán sára egungun, mo panu mọ́.

Lọ́sẹ̀ kẹta lẹ́yìn náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Jákì wú, kò jẹun mọ́. Èmi àti Màmá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní Ìsọlọ̀.

Dókítà wo ẹnu rẹ̀, ó mirí. “Ká ní ẹ tètè gbé e wá ni, à bá fọ inú gbòǹgbò eyín náà, ká dí i, kò ní kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ti kẹ̀ báyìí. Yíyọ ló kù.”

Màmá bú sẹ́kún. “Èmi ni o! Egungun adìẹ tí mò ń fún un ni. Jákì, ọkọ mi, má bínú.”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi di orí ẹ̀ mú,” dókítà sọ fún mi.

Mo dì í mú. Kí abẹ́rẹ́ oorun tí dókítà gún un tó mú un sùn, Jákì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú náà lé àtẹ́lẹwọ́ mi. N kò fi orí rẹ̀ sílẹ̀ títí dókítà fi yọ eyín náà.

Ara Jákì ti yá. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá béèrè nípa eyín rẹ̀ tí wọ́n yọ, Màmá á ní òun lòun bà á jẹ́. N ó máa gbọ́ ọ nídìí géètì. Mo jẹ Màmá ní gbèsè òótọ́ yẹn, n kò tíì sọ ọ́.