Aláìsàn Ẹ̀bá Fèrèsé

Bí irọ́ kan ṣoṣo bá wà nínú ìtàn yìí, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Dókítà àgbà obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn kan, tí àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sọ ní Ìyá Tún-un-sọ. Bó bá la ohùn, gbogbo ìgò oògùn á máa gbọ̀n lórí pẹpẹ. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tó ń lọ sílé kò gbọdọ̀ bọ́ ẹ̀wù funfun títí yóò fi mú ẹni tó ń wọṣẹ́ dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, kó fọwọ́ kan aláìsàn, kó ròyìn rẹ̀, kí ẹnì kejì sì tún un sọ.

“Aláìsàn kì í ṣe àpò sìmẹ́ǹtì tí ẹ ń jù síra yín,” ni ó máa ń wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìpàdé gbé Ìyá lọ sókè. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ikùn fún káfíńtà kan, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí ẹ̀jẹ̀ má máa dà sí i nínú. Gògòrò, akọ́ṣẹ́ tó fẹ́ lọ pàdé ìyá rẹ̀ ní ibùdókọ̀, ti ká ẹ̀wù sápá. Ẹnu ọ̀nà ló ti gbé iṣẹ́ fún ẹnì kejì rẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín.

“Ẹni ẹ̀bá fèrèsé yẹn, máa wo ikùn ẹ̀. Tó bá ti ń wú, pariwo.”

“Ìyá ní ká dé ìdí bẹ́ẹ̀dì o.”

“Ìyá dà? Àbí kí n pọ̀n ẹ́ débẹ̀ ni?”

Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín. Gògòrò bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn méjèèjì ò mọ̀ pé òjò ìdájí ti já wọlé láti ojú fèrèsé. Àwọn nọ́ọ̀sì ti gbé káfíńtà lọ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Nígbà tí ibẹ̀ gbẹ, wọ́n tẹ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún síbẹ̀. Òun ni Ẹlẹ́rìn-ín ń tẹ̀ níkùn ṣáá.

“Dókítà, ó tó o! Ṣé dùùrù ni ikùn mi ni?”

Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni ikùn káfíńtà ti ń wú. Kí nọ́ọ̀sì tó lọgun, kí Ìyá tó já àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìyá ránṣẹ́ pe Gògòrò padà. Ó kó àwọn méjèèjì lọ bá ìyàwó olóògbé lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìfi bò. Obìnrin náà ò sunkún. Ó wo àwọn ọmọkùnrin náà látòkè délẹ̀.

“Èwo nínú yín ni ọkọ mi wà lọ́wọ́ ẹ̀?”

Gògòrò wo Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín wolẹ̀. Ìyá ò gbà wọ́n sílẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà,” ni Gògòrò wí níkẹyìn. “Kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan.”

Obìnrin náà dìde, ó wọlé lọ bá òkú ọkọ rẹ̀.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi àbúrò káfíńtà, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí géètì ilé ìwòsàn náà. Orí àga kan náà lòun àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ jókòó sí, ó sì wà láàyè dòní.