Tòlótòló Tí Oòrùn Wọ̀ Bá Lórí Iná

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ọdún Kérésì ṣe ń rùn nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìpẹ̀rú, kó da omi gbígbóná lé tòlótòló lórí, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyẹ́ rẹ̀ tu. Òórùn yẹn kò jọ ti adìẹ rárá. Ó wúwo, ó ń wọnú aṣọ, ó sì máa ń bá ènìyàn dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, bó ti wù kó fi ọṣẹ wẹ̀ tó. Èmi kò bínú sí i rí. Ọmọ tó bá ń rùn bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ẹran ń bọ̀.

Lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí, ọjọ́ Kérésì bọ́ sí Sátidé. Fún gbogbo àdúgbò wa, kò sí nǹkan kan nínú ìyẹn. Fún ìyá mi, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ìlíṣàn ni wọ́n ti bí wọn, láàárín àwọn ará ìjọ tí ń pa Sátidé mọ́ ní ọjọ́ ìsinmi, àwọn tí kì í dáná, tí kì í tà, tí kì í rà, láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ ní Fúráìdè títí yóò fi wọ̀ ní Sátidé. Bàbá mi ní tiwọn, olùkọ́ tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ ju oúnjẹ lọ, ìjọ tí ń sìn ní Sọ́ńdè ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí ìyá mi tẹ̀lé wọn wá sí Ìpẹ̀rú, àti sí ìjọ Sọ́ńdè, ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìlíṣàn, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọn kò ṣépè, wọn kò sunkún. Wọn kàn kì í jẹun nílé wa ni.

Wọ́n máa ń wá o. Wọ́n wá nígbà ìsọmọlórúkọ mi, wọ́n wá nígbà tí ibà dá ẹ̀gbọ́n mi Kúnlé wó. Wọ́n á jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n á gba omi mu, wọ́n á súre fún wa, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣí kúlà oúnjẹ tí wọ́n gbé láti ilé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń bọ̀ ni ìyá mi máa ń sebẹ̀ kalẹ̀, bí ẹni pé tọ̀tẹ̀ yìí á yàtọ̀. Bí Màmá bá ti lọ tán, ìyá mi á pín oúnjẹ náà fún wa. Ojú wọn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mí, ṣùgbọ́n kò dùn mí débi tí n kò fi ní jẹ ẹran Màmá mọ́ tèmi.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, nígbà tí ọyẹ́ ti ń fọ́ wa létè, Màmá Ìlíṣàn fi fóònù ayálégbé wọn kan pe ìyá mi. A gbọ́ ohùn wọn dé ẹnu ọ̀nà, nítorí wọ́n gbà pé bí Ìpẹ̀rú ṣe jìnnà tó ni ènìyàn ṣe gbọ́dọ̀ pariwo tó. "Mo ń bọ̀ wá bá yín jẹ Kérésì. Tí a bá jáde ìsìn ni. Àmọ́ tó o bá dáná nítorí mi lẹ́yìn tí oòrùn Fúráìdè bá ti wọ̀, omi ni màá mu." Fóònù náà dákẹ́, ìyá mi ṣì gbé e sétí. Wọ́n wá jó wọ ilé ìdáná, ijó gidi, pẹ̀lú ọmọrógùn lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń jíròrò oúnjẹ bí ìjọba. Ìkọ́kọrẹ́ gbọ́dọ̀ wà, nítorí ọmọ Rẹ́mọ kì í ṣọdún láìsí i, ṣùgbọ́n ìjọ Màmá kì í jẹ edé, wọn kì í jẹ ìgbín, wọn kì í jẹ ẹja tí kò ní ìpẹ́. Bàbá mi dìde dúró bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. "Ìkọ́kọrẹ́ tí kò ní edé! Ìyá Kúnlé, ìyẹn kì í ṣe ìkọ́kọrẹ́ mọ́, oúnjẹ aláìsàn ni." Ìyá mi ní ẹja ṣàwá yíyan á ṣe é, kí ẹni tó bá fẹ́ edé lọ jẹ ẹ́ ní Ṣàgámù. Èbìrìpò náà á wà, ìrẹsì á wà, dòdò á wà, ọbẹ̀ ata á wà, tòlótòló á sì jókòó sáàárín gbogbo wọn.

Alága ni a ń pe tòlótòló yẹn. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa ju bó ti yẹ lọ, nítorí bàbá mi ti dárí jì í ní Kérésì tó ṣáájú. Ó máa ń wú àyà, á fẹ́ ìrù, á rọra máa rìn káàkiri àgbàlá bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá súfèé, á dáhùn. Bàbá mi mọ̀ pé ẹran rẹ̀ á ti gbó, wọ́n sì dámọ̀ràn pé kí a fún un ní ife ògógóró kan kí a tó pa á, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, kí ẹran náà lè rọ̀. Ìyá mi wò wọ́n títí. "Bàbá Kúnlé, ẹ fẹ́ fi ẹran fún Màámi lọ́tí mu?"

Àárọ̀ Fúráìdè, kí àkùkọ tó kọ tán, ìyá mi ti jí wa. "Bí iṣẹ́ kò bá pẹ́ni, a kì í pẹ́ iṣẹ́." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ ni, pàápàá nígbà tí oorun bá dùn mọ́ wa jù lọ. Mo rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, mo rin kókò fún èbìrìpò, kókò yẹn sì fi ọwọ́ mi ṣeré. Ó yún mi dé ìgúnpá. Mo fi epo pupa pa á, mo fi eérú pa á, mo jó díẹ̀. Kúnlé ń fọ ewé, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín, títí ìyá mi fi ní kó wá rin ìyókù. Nígbà tí oòrùn fi máa là dáadáa, èbìrìpò ti wà nínú ewé lórí iná, ata ti dé láti ilé ìlọta, gbogbo nǹkan sì ń lọ bó ti yẹ.

Ibẹ̀ ni bàbá mi ti lọ wo Alága. Wọ́n ti so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi ọsàn láti alẹ́, wọ́n sì rí i pé okùn náà ti ń ge é lẹ́sẹ̀. Àánú ṣe wọ́n. Wọ́n ní kò yẹ kí àgbà bẹ́ẹ̀ kú nínú ìdè, wọ́n tú okùn, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Alága gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdágbére díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fò. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹran tó sanra tó bẹ́ẹ̀ lè fò. Ó bà sórí òrùlé Ìyá Sikirá, aládùúgbò wa tí í ṣe Mùsùlùmí, páànù náà sì dún gbàmù.

Bí ìran ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A ju òkúta, a fi ọ̀pá lé e, Kúnlé gun àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn náà sì fẹ́ gun Kúnlé. Alága fò láti òrùlé dé orí ògiri, láti orí ògiri dé ojú títì, àwa náà ń tẹ̀lé e, bàbá mi níwájú, ìyá mi lẹ́yìn pẹ̀lú ìgbakọ ọbẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ó gba ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí kọjá gẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n ń jáde ní ìrun Jímọ̀. Àwọn bàbá tí wọ́n wọ aṣọ funfun nìní ká agbádá wọn sórí èjìká, wọ́n bá wa lé e. Ẹnì kan kígbe pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, ó fẹ́ ronú pìwà dà ni!" Gbogbo títì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò.

Ìyá Sikirá ló mú un níkẹyìn. Wọn kò sáré rárá. Wọ́n da àgbàdo sílẹ̀ níwájú ilé wọn, wọ́n jókòó, wọ́n sì dúró. Nígbà tí Alága wá ṣà á jẹ, wọ́n fi ìborùn wọn bò ó mọ́lẹ̀. "Ìyá Kúnlé, ẹ kú ìnáwó. Ẹ gbé ìrẹsì yín wá síbí, iná wà lójú ààrò mi, kí ẹ lè rójú sí ẹran yín." Ìyá mi kúnlẹ̀ kí wọn, ní ojú títì níbẹ̀.

Ó ti ń lọ sí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ kí a tó tu ìyẹ́ rẹ̀ tán, tí a fi iná jó irun rẹ̀, tí a gé e, tí a fi àlùbọ́sà, táìmù àti ata rodo sí i. Ìyá mi bẹ́ ìbẹ́pẹ tútù sínú ìkòkò kó lè tètè rọ̀. Wọ́n fi igi kún igi. Ìkọ́kọrẹ́ ti délẹ̀, dòdò ti délẹ̀, ìrẹsì ti ti ilé Ìyá Sikirá dé. Ìyá mi ń fi àmúga gún ẹran náà, ẹran náà sì ń ti àmúga padà. Ìtànṣán oòrùn kúrò lára ògiri, ó kù sórí igi ọsàn nìkan, ó wá kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bàbá mi rẹ ohùn sílẹ̀. Ojú ń tì wọ́n nítorí okùn tí wọ́n tú. "Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù, Ìyá Kúnlé. Màmá wà ní Ìlíṣàn. Ta ló máa sọ fún wọn?"

"Kò sẹ́ni tó máa sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa gbé e síwájú wọn."

Wọ́n fi àkísà mú ìkòkò náà, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n da omi sínú àdògán. Iná pariwo, èéfín bo gbogbo wa. Mo sunkún, n kò purọ́. Mo rò pé ìyá mi ti fi ọwọ́ ara wọn ba ọdún wọn jẹ́. Ní ojú tèmi, ẹran tó le ni Màmá máa rí, wọ́n á sì ṣí kúlà wọn.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Màmá Ìlíṣàn dé nínú ọkọ̀ ará ìjọ wọn kan, pẹ̀lú aṣọ òkè aláwọ̀ ewéko lára. "Wẹ kú ọdún o," ni wọ́n fi ẹnu Rẹ́mọ wọn kí wa. Kúlà wọn wà nínú báàgì. Gbogbo wa rí i. Ìyá mi gbé oúnjẹ kalẹ̀ ní tútù: èbìrìpò, ìkọ́kọrẹ́ aláìlédé, ìrẹsì, dòdò tó ti rọ, itan tòlótòló sórí àwo Màmá. Màmá gbàdúrà, ó gùn. Wọ́n tọ́ ìkọ́kọrẹ́ wò, wọ́n mi orí. Wọ́n wá gbé itan náà sẹ́nu.

Wọ́n fà á. Kò já. Wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́ tí eyín wọn ṣì wà, wọ́n tún fà á, kò já. Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Màmá sọ itan náà sí àwo, wọ́n wo ìyá mi.

"Kí ló ṣe é tó le báyìí?"

"Oòrùn wọ̀ bá a lórí iná ni, Màámi."

"O sì sọ ọ́ kalẹ̀?"

"Mo sọ ọ́ kalẹ̀."

Màmá tún wo itan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú wọn lọ́hùn-ún, ó gbọn àga tí wọ́n jókòó lé, omi sì bọ́ lójú wọn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá itan náà mú, wọ́n jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń bá a jà, wọ́n ní kí ìyá mi tún bu ẹran sí i. A jẹ ẹran líle lọ́jọ́ náà títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn wá, inú ìyá mi sì dùn débi pé wọ́n gbàgbé láti jẹun. Láti ọjọ́ náà títí Màmá fi sùn, kò sí ìgbà tí wọ́n wá sílé wa tí wọn kò jẹun.

Ṣàgámù ni mò ń gbé báyìí. Mo ní sítóòfù gáàsì, mo ní ìkòkò tí ń fi agbára ooru se ẹran, tòlótòló tí wọ́n ti gé ni mò ń rà. Tèmi máa ń rọ̀ débi tí egungun fi ń yọ fúnra rẹ̀, ìyá mi pàápàá jẹ́wọ́ pé mo mọ ọ́n sè ju àwọn lọ. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí wọ́n wà ní Fúráìdè yẹn lọ. Ọmọ tó sunkún nínú èéfín yẹn rò pé ẹran ni ìyá òun ń sè. Èmi tí mo mọ̀ báyìí pé kì í ṣe ẹran nìkan, mo máa ń dúró ti iná mi nígbà mìíràn, nígbà tí kò sí ẹlòmíràn nínú ilé, mo sì máa ń bi ara mi bóyá èmi náà ì bá lè sọ ìkòkò yẹn kalẹ̀.