Tọ́ọ̀kì, Họ́ọ̀spáwà àti Ọkọ̀ Ìyá Bọ́lá

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Mo ti ń dá rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ náà, ọmọ mi sì ti ń wò mí bákan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá. Pákó ló ń tà ní Mushin. Ó fi píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan sílẹ̀, èyí tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì, tó ń pariwo bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Fúnra rẹ̀ ló máa ń wà á. Láti ìgbà tó ti lọ, iwájú ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni ọkọ̀ náà wà. Mo máa ń tan án kí bátìrì rẹ̀ má baà kú, ṣùgbọ́n mi kì í gbé e lọ síbì kankan. Mo kàn máa ń jókòó sínú rẹ̀ ni.

Bọ́lá ní kí n tà á. Ó tiẹ̀ ti rí ẹni tó fẹ́ rà á. Ó ní ọkọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n gbàgbé. Ta ló sọ fún un pé mo fẹ́ gbàgbé?

A ní ẹgbẹ́ kan, àwa tá a fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Surulere la ti máa ń pàdé. A ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀. Òfin wa kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá pàdánù yóò fọ ọkọ̀ ẹni tó borí, lójú gbogbo èèyàn. Mo ti rí lọ́yà ńlá tó ká ṣòkòtò dé orúnkún níbẹ̀!

Àbúrò wa kan wà tó ń jẹ́ Káyọ̀dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ pupa kan tó sún mọ́lẹ̀ bí alákàn. Ọ̀ọ́dúnrún họ́ọ̀spáwà! Bí ẹ bá kí i ẹ káàárọ̀, họ́ọ̀spáwà ni yóò fi dáhùn. Bọ́lá ti bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun bá mi sọ̀rọ̀, ló bá kò mí lójú nínú ìpàdé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ta píkọ́ọ̀pù yẹn. Họ́ọ̀spáwà wo ló wà níbẹ̀?”

Mo ní họ́ọ̀spáwà nìkan kọ́ ni ẹ́ńjìnnì ní, tọ́ọ̀kì náà wà. Ẹ wo ọmọlanke tó kún fún ẹrù. Agbára tí ẹ fi yí táyà rẹ̀ tó fi ṣí nípò, tọ́ọ̀kì nìyẹn. Bí ẹ ṣe wá lè máa tì í kíákíá tó, ibẹ̀ ni họ́ọ̀spáwà ti wọlé.

Káyọ̀dé bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, àwọn tí ọkọ̀ wọn ò lè sáré ló ń sọ̀rọ̀ tọ́ọ̀kì!”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó wá ní ká dán an wò. Bí mo bá borí, òun fúnra òun ni yóò sọ fún Bọ́lá pé kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Bí òun bá borí, kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n ṣé mo lè sá?

Mo wá sọ ohùn mi di ti arúgbó. Mo ní ara mi ò gba eré sísá mọ́. Ṣebí jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí táyà rẹ̀ nísàlẹ̀ ọgbà, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò fà á gun òkè? Ẹ jẹ́ ká kúkú fi ran ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Káyọ̀dé fi gbà.

Nígbà tí Sátidé tá a dá fi máa pé, tí mo gbé píkọ́ọ̀pù dé ọgbà, òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ti ń yọ̀. Káyọ̀dé ló kọ́kọ́ so okùn. Ó tẹná mọ́ ọn. Ariwo sọ, èéfín sọ, táyà ń yí wìrìwìrì lójú kan, ẹrẹ̀ sì ta bo gíláàsì ẹ̀yìn. Jẹnẹrétọ̀ ò mira.

Àǹtí Bísí, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni adájọ́ wa. Ó pariwo: “Káyọ̀dé, ṣé kànga lo fẹ́ gbẹ́ fún wa síbẹ̀ ni?”

Ó wá kàn mí. Tìmùtìmù ìyàwó mi ṣì wà lórí ìjókòó. Mo rántí ohun tó máa ń sọ nígbàkigbà tí mo bá tẹná jù: “Bàbá Bọ́lá, ẹ má bú u. Ẹ jẹ́ kó ronú.”

Mo fi í sí gíà kìíní, mo sì tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ́ńjìnnì kùn. Okùn le. Jẹnẹrétọ̀ mì díẹ̀, ó tún mì, ló bá ń tẹ̀ lé mi gun òkè bí aya tuntun!

Ariwo ta! Àǹtí Bísí fúnra rẹ̀ ló gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì fún Káyọ̀dé.

Ibi tó ti ń fọ ọkọ̀ ló ti ká tapólì tó bo ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù mi. Ó dúró sójú kan. Pákó ló kún ibẹ̀, pákó ńláńlá, tí àmì ṣọ́ọ̀kì Ìyá Bọ́lá ṣì wà létí wọn. Ọjà tó kó kẹ́yìn nìyẹn. Mi ò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ò sọ pé ẹrù wà lẹ́yìn!”

Mo ní kò béèrè. Ìyàwó mi kì í fi ẹ̀yìn òfìfo gun òkè lásìkò òjò. Ẹrù ló ń tẹ táyà mọ́lẹ̀ kó má baà yọ̀. Tọ́ọ̀kì ṣiṣẹ́, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ṣiṣẹ́.

Mo rò pé yóò bínú. Ó wo pákó náà títí, ó rọra fa tapólì padà, ó sì ki etí rẹ̀ bọlẹ̀ dáadáa.

“Ẹ̀gbọ́n, èyí ò dáa o. Èmi nìkan ni mo wá. Ẹ̀yin méjì lẹ jọ wá.”

Ló bá fi ọwọ́ tí ọṣẹ wà pe Bọ́lá lórí fóònù, ó ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mi rèé: kẹ́ ẹ tó fi ẹ́ńjìnnì kan wé òmíràn, ẹ kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe. Kẹ́ ẹ sì tó bá opó bíi tèmi ta kànǹgbọ̀n, ẹ ká tapólì rẹ̀ wò!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọkọ̀ ta ni wọ́n ní kẹ́ ẹ tà tẹ́ ẹ kọ̀ jálẹ̀? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí. Bọ́lá máa kà á o, nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbè mí.