Ìkíni Àárọ̀ Inú Fóònù

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, nínú agbo ilé wa ní Ìdúmàgbò, a kì í fọwọ́ kan oúnjẹ àárọ̀ láì tíì kúnlẹ̀ kí ìyá tó bí bàbá mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé ọ̀wọ̀ lásán ni. Rárá o. Bí a bá ti kírun Àsùbáà tán, màmá àgbà yìí á fọwọ́ gbé àgbọ̀n wa sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wo ojú wa. "Ìwọ yìí, ibà ń bọ̀ lára ẹ." Ẹni tó bá sunkún sùn pàápàá, wọ́n á mọ̀.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin tí à ń gbé pọ̀ báyìí, iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà ló ń ṣe nínú yàrá rẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà wa, síbẹ̀ ohùn ló ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi láti kí mi. "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ara mi le koko." Ẹ ó máa gbọ́ obìnrin tó ń kiri búrẹ́dì lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Bí mo bá fi máa ti ọjà Sandgrouse dé, ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ti wà ní títì, á ní iṣẹ́ ti wọ òun lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ náà kò dá mi lójú rí. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ara fu mí gan-an. Ìkíni wọlé, oníbúrẹ́dì ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni oníbúrẹ́dì wa máa ń lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kì í kiri. Mo tún ti àná gbọ́, mo gbọ́ ti ìjẹta. Ohùn kan náà ni. Ó ti gbà á sílẹ̀ tipẹ́, òun ló ń fi ránṣẹ́ láràárọ̀. Kí ni ọmọ yìí ń fi pa mọ́?

Mo kan ilẹ̀kùn títí ó fi ṣí i. Mo gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, ó sì ti rù.

"Màmá, oorun ò kùn mí mọ́. Ẹ̀fọ́rí ò lọ, ojú mi ń ṣe bàìbàì, mi ò sì lè gbé fóònù sílẹ̀."

"O wá ń sọ fún mi pé ara ẹ le?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìgbà tí mo gba ohùn yẹn sílẹ̀, ara mi le lóòótọ́."

A lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ọmọ mi ti ń lo gíláàsì ojú báyìí, fóònù rẹ̀ sì ń sùn ní yàrá mi. Ayé ti yí. Láyé ijọ́un, ẹni tó wà lókèèrè là ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tí a kì í rí. Lónìí, ó lè jẹ́ ọmọ inú ilé ẹni.

Ó ti ń wá kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀ báyìí. Á ní ara òun le. Èmi á ní kó gbójú sókè ná.