Àpèkẹ́ Eléwé àti Pátákó Ẹnu Igbó

Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀rù ò ba Àpèkẹ́? Ẹ̀rù bà á dáadáa! Bàtà rọ́bà tó ti fi wáyà rán létí ló wọ̀ wá síbi ìpàdé ìlú. Ṣùgbọ́n ó dìde.

Ọmọ Òkukù ni. Iṣẹ́ ewé tí ìyá rẹ̀ ṣe lòun náà ń ṣe. Láràárọ̀ á wọ igbó ìjọba tó wà lọ́nà Eko Ende, á já ewé eéran lábẹ́ àwọn igi ńlá, á dì í, á wọ bọ́ọ̀sì lọ Ìkìrun. Àwọn ẹlẹ́kọ ibẹ̀ kì í fẹ́ ewé ẹlòmíì. Ewé Àpèkẹ́ fẹ̀, kì í ya, kòkòrò ò lu ihò sí i.

Àfi bó ṣe dé ẹnu igbó lọ́jọ́ kan ní 1994, ló bá pàdé pátákó tuntun, ọ̀dà ara rẹ̀ ò tíì gbẹ. Àpèkẹ́ ò mọ̀wé. Adéjàre, ọmọ Inísà tó ń bá fọ́rẹ́sítì ṣọ́ igbó ìjọba, ló kà á sí i létí: "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé ohunkóhun nínú igbó yìí."

"Màmá, ẹ padà sílé."

"Ta ló ní kí n padà?"

"Gbogbo ayé ni. Wọ́n ṣèpàdé ní Brazil níjọ́sí, wọ́n ní ayé ti ń gbóná jù, pé igi ló ń gbé èéfín burúkú mì. Àwọn tó ń fowó ran ìjọba wa lọ́wọ́ wá ní àwọn fẹ́ rí igbó tó dúró."

"Brazil! Ṣé wọ́n ń pọ́n ẹ̀kọ níbẹ̀ ni?"

Adéjàre rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́nà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Àpèkẹ́ fi jókòó sílé. Ó wá gbọ́ pé àwọn ẹlẹ́kọ Ìkìrun ti ń fi ọ̀rá pọ́n ẹ̀kọ. Bí ọ̀rá bá fi lè mọ́ wọn lára, iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ti tán nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tó fi dìde nígbà tí Ìyáàfin Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, ọ̀gá fọ́rẹ́sítì láti Òṣogbo, wá bá àwọn ará Òkukù ṣèpàdé ní gbọ̀ngàn ìlú.

"Mà, wọ́n ní pátákó yín ní ká má gé nǹkan kan. Èmi ò gé nǹkan kan rí."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ewé ńkọ́?" Adéjàre ló bi í.

Àpèkẹ́ na ọwọ́ méjèèjì síta, oje ewé ti sọ ìka rẹ̀ di dúdú. "Ọ̀bẹ wo lẹ rí níbí? Igi ni wọ́n ń gé. Ewé, jíjá là ń já a, òmíì á sì yọ. Abẹ́ igi ló sì ń hù. Ọjọ́ tí igi bá wó, oòrùn á pa á. Ta ló wá fẹ́ràn igi yín jù mí lọ? Àwa eléwé la máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rọ àwọn tó ń jí igi gé, ẹ ò bi wá rí!"

Ìyáàfin Ọmọ́ṣẹ̀yìndé rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Kó tó kúrò ní Òkukù, ó ti ní kí àwọn eléwé padà sínú igbó, kí wọ́n máa ta fọ́rẹ́sítì lólobó tí wọ́n bá gbọ́ ẹ̀rọ, kí Adéjàre sì tún pátákó kọ: igi ni kí ẹnikẹ́ni má gé.

Lọ́jọ́ kejì, Adéjàre gbé ọ̀dà dé. Koríko ti bo ẹsẹ̀ pátákó, ló bá fa àdá yọ, ó ń gé e lọ ràì. Àpèkẹ́ ń bọ̀ láti inú igbó, ẹrù ewé lórí. Ó dúró, ó wo pátákó tí wọn ò tíì tún kọ, ó wo àdá, ó pariwo:

"Ọ̀gá Adéjàre, wọ́n ní ká má gé ohunkóhun! Ẹ fàdá yẹn sílẹ̀, ẹ fọwọ́ já a!"