Ẹni Tó Gbààwẹ̀ Nísàlẹ̀ Odò

Òórùn tàdáwà ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ oṣù Ramadan ní agboolé wa ní Ẹdẹ. Bàbá mi á ti jókòó sórí ẹní lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n á máa ti kálámù bọ tàdáwà, wọ́n á fi kọ ọ̀rọ̀ sórí wàláà fún àwa ọmọ kéwú, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì máa rùn bí èédú tí wọ́n pò mọ́ omi.

Ajánásì ni wọ́n. Bí Àáfà àgbà bá ń ṣe tàfúsírù lọ́sàn-án, bàbá mi ló ń ké ẹsẹ Kùránì kọ̀ọ̀kan jáde, Àáfà á wá túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn èèyàn. Ohùn wọn dùn débi pé àwọn kan kàn ń wá gbọ́ ohùn náà ni. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n ní ìtumọ̀ ohunkóhun, wọ́n á ní, "Tèmi ni kí n kà á kó já geere. Ẹ lọ bi Àáfà."

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbààwẹ̀ dé ìrọ̀lẹ́, fíìmù kan jáde. Ìwé ìtàn tí olùkọ́ kà fún wa ní ilé-ìwé ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọbìnrin kan wọ inú odò lọ gba ohùn àbúrò rẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ jí gbé, ìyá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ wọn. Ìyá Bọ́lá, onídìrí tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ilé wọn kan tiwa, ló ra síídì rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sá lọ. Nínú ìwé, àwọn ará odò rí bí èèyàn lásán. Àwọn onífíìmù ló lọ fi ìwo ràgàjì sí wọn lórí, bíi pé láìsí ìwo a ò ní bẹ̀rù.

Ìwo yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá mi wá mi dé ẹnu ọ̀nà, ojú wọn sì bọ́ sórí ọba àwọn ará odò náà nínú tẹlifíṣọ̀n. Wọn ò pariwo. Wọ́n kí Ìyá Bọ́lá dáadáa, wọ́n ní kí n dìde. Nígbà tí a délé, wọ́n ní kò sí fíìmù fún mi mọ́, kò sì sí ìwé ìtàn, pé ẹni tó gbààwẹ̀ ò gbọdọ̀ jókòó máa wo àǹjọ̀nú. Ìwé ìtàn ni gbogbo ayé mi nígbà náà.

N ò mọ bí mo ṣe la ẹnu. "Ààwẹ̀ ni ọmọ yẹn ń gbà, Bàbá mi."

Wọ́n wò mí. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Mo ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́, bí mo ṣe rí i nìyẹn. Mo ṣàlàyé pé ebi ń pa á, ọba odò gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ní kó jẹ ẹ́, pé ìyá rẹ̀ ò lè rí i lábẹ́ omi. Síbẹ̀ kò jẹ ẹ́. "Bíi tèmi náà ni, tí mo bá ń ṣe àlùwàlá. Omi á wà lẹ́nu mi, òùngbẹ á máa gbẹ mí. Bí mo bá gbé e mì, ẹ ò lè mọ̀. Mo máa ń tu ú dànù."

Bàbá mi ṣí fìlà wọn. "Ojoojúmọ́ ni mò ń ka Kùránì fún àwọn èèyàn," wọ́n ní, "n ò bi ara mi rí pé kí ni èmi rí níbẹ̀." Wọ́n tún fìlà wọn dé. "Padà lọ wo ìyókù. Tó o bá dé, wá sọ ohun tó o rí fún mi."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí a rí fún ara wa nìyẹn. Nígbà mìíràn wọ́n á bá mi jiyàn, nígbà mìíràn wọ́n á rọra sọ ohun tí àwọn náà rí nínú ẹsẹ tí wọ́n kà lọ́jọ́ yẹn. Inú mi máa ń dùn gan-an.

Lónìí, èmi náà ń kọ ìtàn tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù. Kí n tó kọ gbólóhùn kan, mo ti ń ro ohun tí mùsùlùmí máa sọ, ohun tí onígbàgbọ́ máa sọ, ohun tí àwọn olórìṣà máa sọ, títí ìtàn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà ààwẹ̀ yẹn láyà jù mí lọ. Ó wo ohun tó ń ba àgbà lẹ́rù, ó rí Ọlọ́run rẹ̀ níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ lójú bàbá rẹ̀. Mo ti wá pinnu pé òun ni n óò máa kọ̀wé fún, ọwọ́ mi sì ti ń yá díẹ̀díẹ̀.