Ohun Tí Gàfárù Fi Aṣọ Bò

Ọmọ ahunṣọ ni Gàfárù, ará Ìsẹ́yìn. Nídìí òfì ló dàgbà sí, kó tó gbọ́ pé Èkó ti di ibi tí iṣẹ́ ń wá ènìyàn kiri. Ọ̀ṣòdì ló kọ́kọ́ sọ̀ sí. Ó gba yàrá kan lẹ́bàá ojú irin, ó sì ríṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀. Ẹ̀rọ ló ń hunṣọ níbẹ̀, ẹrù ni wọ́n ní kí ọmọ ahunṣọ máa gbé. Ìdì aṣọ tó ju àgbò lọ ló ń gbé sínú ọkọ̀ àjàgbé. Lọ́jọ́ kan, ìdì kan já bọ́ látòkè, ó sì bà á lẹ́yìn.

Ó dìde ṣá, ó ń rìn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ọmọ Yorùbá ọkùnrin. Bó bá pàdé àgbà, á fọwọ́ ti ògiri, á mi orí díẹ̀. Ìgbéraga ni gbogbo àdúgbò pè é. Lójú tèmi tí mo ń tàwo ní Ìsọlọ̀, owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, ló ń gùn ún.

Àrìnkẹ́, ọmọ Rùfáì ọmọ mi, ló sọ fún wa pé ìrora ni. Mo bi í pé níbo ló ti rí ẹ̀yìn ọkùnrin náà tó fi mọ̀. Ó kó àwo mi rù, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, a ò rí Gàfárù mọ́. Wọ́n ní àwọn òyìnbó tó ni ilé-iṣẹ́ náà ti fi bàálù gbé e lọ sílùú wọn, kí wọ́n lọ bá a tún ẹ̀yìn ṣe. N ò gbà á gbọ́. Owó epo ń ṣàn nígbà yẹn lóòótọ́, àwọn kan ń wọ bàálù lọ ra bàtà. Àmọ́ ta ní í fi bàálù gbé aláàárù?

Ó padà dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ọkùnrin tí kò lè bẹ̀rẹ̀ wá ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja káàkiri ọjà. Inú àwọn ènìyàn dùn. Ara fu mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi a máa pa àlọ́ àlejò kan fún wa lábẹ́ òṣùpá, àlejò tó wá fẹ́ ọmọ ọba. Ó lẹ́wà, ó mọ̀wàá hù, àmọ́ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ha ẹ̀yìn, torí pé ẹnu kejì wà níbẹ̀. Mo wá ṣàkíyèsí pé bí ọ̀rẹ́ bá fẹ́ gbá Gàfárù lẹ́yìn, ńṣe ló ń yẹ̀. Nǹkan kan sì wú lábẹ́ bùbá rẹ̀, níbi ìbàdí. Mo pe Rùfáì, mo fi hàn án. Ó ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Àfìgbà tí àwọn ará ilé Gàfárù wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wa nítorí Àrìnkẹ́. Mísbáù, àbúrò bàbá Gàfárù, ló ṣáájú wọn wá. Gàfárù dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní. Èmi ni àgbà ilé, èmi ni mo máa súre. Nílé tiwa, a máa ń fọwọ́ pa ọmọ lẹ́yìn bí a ti ń ṣàdúrà fún un ni. Mo nawọ́. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tún nawọ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ mi ba nǹkan róbótó kan bí ẹ̀gbà ọwọ́, lábẹ́ egungun ìhà rẹ̀. Okùn kan ti ara rẹ̀ lọ síbi ìbàdí, àpótí kékeré kan sì wà níbẹ̀ tó fi ọ̀já so mọ́ra.

Mo dá àdúrà dúró. "Rùfáì," mo ní, "ìgbàdí ló sán wá fẹ́ ọmọ rẹ."

Ta ni kò mọ iṣẹ́ ìgbàdí? Òmíràn wà fún ìjà, òmíràn wà tí obìnrin kò fi ní lè kọ ẹni tó sán an. Mísbáù ní òun á fi Kùránì búra pé kì í ṣe oògùn. Gàfárù ṣàlàyé látorí ẹní. Ó ní àwọn dókítà la òun lẹ́yìn, wọ́n fi wáyà tín-ín-rín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, wọ́n sì sin nǹkan bí owó wẹ́wẹ́ sábẹ́ awọ ara òun. Àpótí tó wà níta yìí, tó ń lo bátìrì, ló ń fi iná díẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, á dà bíi pé èèrà ń rìn lẹ́yìn òun, òun ò sì ní gbúròó ìrora mọ́.

Mo bi í pé ṣé ìrora náà ti lọ ni.

"Rárá, mà. Ó wà níbẹ̀. N kì í kàn gbọ́ ọ ni."

Ìdáhùn yẹn ló wá bà mí lẹ́rù jù. Ohun tí kò wo àrùn, tó kàn fọwọ́ dí i lẹ́nu, ta ló ń ṣiṣẹ́ fún?

Rùfáì dìde. Ó ní ọmọ òun kò ní lọ sílé ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ sára. A ń gbọ́ ẹkún Àrìnkẹ́ nínú yàrá. Mo ní kí wọ́n dúró ná.

"Bọ́ ọ sílẹ̀," mo wí fún Gàfárù, "kí o wá dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Ó wò mí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo lè má lè dìde."

"Á jẹ́ pé ohun tó ń gbé ọ dìde kì í ṣe ara rẹ nìyẹn."

Ó kó ọwọ́ sábẹ́ aṣọ, ó ṣí pílásítà, ó kó gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin abẹ́ adìyẹ. Ó dọ̀bálẹ̀, mo sì súre. N ò kánjú. Mo ka orúkọ àwọn baba wa, mo tọrọ ọmọ, mo tọrọ ẹ̀mí gígùn, mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Àpá ọ̀bẹ gùn níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi.

Nígbà tí a ṣe àmín, ó fọwọ́ tilẹ̀. Àyà rẹ̀ gbéra, ìbàdí kọ̀. Ó padà ṣubú, ó sì ki etí ẹní bọ ẹnu, ó gé e jẹ. Kò pariwo. Mo ti gbẹ̀bí púpọ̀ láyé mi. Mo mọ ìrora tí wọ́n fi ń ṣeré, mo sì mọ èyí tó ń gba ohùn lẹ́nu ènìyàn.

Àrìnkẹ́ jáde síta. "Ìyá àgbà, ẹ dá a padà fún un."

Àmọ́ ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó? Gàfárù fi ohùn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sọ fún mi pé kí n wá ibi tó le lábẹ́ ìhà òun, kí n tẹ nǹkan róbótó náà mọ́ ọn, kí n yí bọ́tìnì ara àpótí. Mo ṣe é. Mo ń retí kí nǹkan bù mí jẹ. Kò sí. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn náà dẹ́kun gbígbọ̀n, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà."

Mo gbé etí sí àpótí náà. N ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ tí kò fọhùn, ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Síbẹ̀, mo ní kí Rùfáì jókòó. Mo ní a óò fún un lọ́mọ, àmọ́ ohun náà kò gbọdọ̀ sí lábẹ́ aṣọ mọ́ nínú ilé wa. Ìta ni kó gbé e kọ́, kí ojú gbogbo wa lè máa tó o. Gàfárù gbà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wọn, orí agbádá ni àpótí náà wà. Àwọn àlejò rò pé rédíò tuntun ni. Ọ̀kan ní kó jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn. Gàfárù ní ìròyìn ti tán lónìí.

Wọn ò jẹ́ kó gbé ẹrù mọ́ nílé-iṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń ṣọ́ báyìí. Àrìnkẹ́ ti bímọ fún un. Bó bá wá kí mi, á ti yọ àpótí síta kó tó wọlé, á dọ̀bálẹ̀, màá sì súre fún un. Àmọ́ bó bá ti ń lọ, bó bá ti dé títì, á tún tì í bọ abẹ́ aṣọ. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó títí yóò fi yà ní kọ́nà.